Èmi àti Kòṣẹlẹ̀ Lórí Ọ̀rọ̀ Àdúgbò Àwọn Oníbíríkì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Wọ́n ti gbé ìwé Kòṣẹlẹ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń yan ìwé fún àwọn ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí Bàbá Fáìlì, tó ń tọ́jú ilé ìpamọ́ ìwé, pè mí lórí fóònù, mo rò pé wọ́n ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ni, àfi ìgbà tí mo dé ibẹ̀ tí wọ́n fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́, tí èèpo rẹ̀ ń dán bíi bàtà tuntun. Orúkọ tí ọkùnrin náà ń jẹ́ gùn, oyè sì tò níwájú orúkọ náà lọ rẹrẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti ń sọ lórí rédíò pé kò ṣẹlẹ̀, pé wọn ò pa ẹnikẹ́ni ní àdúgbò àwọn oníbíríkì, Kòṣẹlẹ̀ ni mo ń pè é, n kò sì ní yí i padà nínú ìwé tèmi.

Ohun tó ń béèrè ni pé kí wọ́n yọ orí kẹjọ kúrò nínú ìwé ìtàn tí àwọn ọmọ ń kà. Orí yẹn ló sọ bí àwọn ọmọ ogun ṣe wọ àdúgbò náà tí wọ́n sì pa gbogbo ẹni tí ọwọ́ wọn bà, lọ́kùnrin lóbìnrin, tọmọ tàgbà. Nínú èyí tí Kòṣẹlẹ̀ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, àwọn ọmọ ogun kàn gba ibẹ̀ kọjá ni. Ó ní àwọn èèyàn náà tún gbé ibẹ̀ ní àlàáfíà fún ọdún méjì gbáko, kí àrùn onígbáméjì tó dé. Ìgbà náà ni wọ́n tú ilé wọn palẹ̀, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ máa jókòó. Èmi ni ẹgbẹ́ àwa òpìtàn ní kí n lọ sọ tẹnu wa. Òjò ò tíì rọ̀, eruku ti gba gbogbo ilé, inú sì ń bí mi débi pé mo ta omi gbígbóná sí ọwọ́ ara mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mi ò tíì sọ fún Màmá. Ọkọ mi ní kò sídìí tá a fi máa sọ. Ó ní, "Ìyá mi ni, mo mọ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá gbọ́, wọn ò ní jẹun."

Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Màmá nìkan ló kù nínú ilé wọn. Inú ààrò bíríkì tí iná rẹ̀ ti kú ni wọ́n sá pamọ́ sí, ọmọ kékeré ni wọ́n, ibẹ̀ ni àlejò kan ti rí wọn nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí. Ohun tí ọkọ mi mọ̀ nìyẹn, òun náà ni mo mọ̀. A ò gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ rí lẹ́nu wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìtàn àtijọ́ ni mo fi ń ṣiṣẹ́ jẹ.

Ohun tó ń já mi láyà ni pé ọmọ wa obìnrin máa wọ kíláàsì tí wọ́n ti ń ka orí kẹjọ lọ́dún tó ń bọ̀. Sókè ló máa ń kàwé, bí ẹni tó ń polówó. Ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà rẹ̀ ló sì máa ń jókòó sí. Tí wọ́n bá gba ìwé Kòṣẹlẹ̀ wọlé, ẹnu ọmọ-ọmọ wọn ni Màmá ti máa gbọ́ ọ pé ẹnikẹ́ni ò pa ìyá wọn.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Èmi àti Bàbá Fáìlì jókòó sí ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn ìlú, níbi tí ilé ìpamọ́ ìwé wà, a ń tọ ipasẹ̀ Kòṣẹlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ibi tó bá ti ní "ìwé báyìí ló sọ ọ́", a ó gbé ìwé náà jáde, a ó ṣí ojú ewé náà, a ó wò ó bóyá ó sọ ọ́ lóòótọ́. Bírò dúdú ni mo fi ń sàmì sí òótọ́, búlúù fún ààbọ̀ òótọ́, pupa fún irọ́.

Irọ́ pọ́ńbélé kì í dá mi lágara. Èèyàn á kàn fà á tu bí ewéko ni. Ààbọ̀ òótọ́ ló ń gba agbára. Ọ̀rọ̀ ìlà kan péré ló máa kọ, ìwọ á wá fi ojú ewé mẹ́rin tú u.

Nígbà tó di ọ̀sán, Bàbá Fáìlì gbé ìwé náà sókè, wọ́n wò ó bí ẹni ń wo aṣọ alápatà. Wọ́n ní, "Ọ̀mọ̀wé, pupa yín ti fẹ́ẹ́ tán. Ṣé kí n lọ ra páálí kan?"

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo ti gbá a mú níbì kan. Kòṣẹlẹ̀ kọ ọ́ pé dókítà tó yẹ àwọn egungun tí wọ́n wú níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, níbi tí wọ́n bo àwọn òkú àdúgbò náà mọ́lẹ̀ sí, wò sọ pé, "N kò rí àmì ọta ìbọn kankan lára àwọn egungun." Ó fi àmì ìfàyọ sí i níwájú àti lẹ́yìn, ohun gbogbo gún régé.

Mo ṣí ìjábọ̀ dókítà náà. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé: "Nínú kòtò kejì, n kò rí àmì ọta ìbọn kankan lára àwọn egungun, ojú àdá ni mo rí, lọ́rùn àti lápá tí wọ́n fi dáàbò bo orí." Ojú ewé tó ṣáájú sọ̀rọ̀ kòtò kìíní, ọta ibẹ̀ sì pọ̀ débi pé igbá ni wọ́n fi kó o. Kòṣẹlẹ̀ gé orí gbólóhùn náà, ó gé ìdí rẹ̀, ó wá gbé àárín rẹ̀ fún aráyé.

Mo pe dókítà náà. Ó ti fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ ṣì le koko. Mo ka gbólóhùn Kòṣẹlẹ̀ fún un. Ó ní, "Mo fi ọwọ́ ara mi gbé apá àwọn ọmọdé yẹn. Ọjọ́ wo ni ẹ ní wọ́n ń jókòó? Mò ń bọ̀, kódà bí wọ́n bá máa fi kẹ̀kẹ́ tì mí wọlé."

Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Òjò rọ̀ nígbẹ̀yìn. Òrùlé ilé ìdáná ń jò. Owó gáàsì ti tún lé.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ilé iṣẹ́ rédíò pè mí pé kí n wá bá Kòṣẹlẹ̀ fa ọ̀rọ̀ náà lórí afẹ́fẹ́. Mo kọ̀. Ọkọ mi ní àwọn èèyàn á rò pé ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí. Mo ní kí wọ́n máa rò ó. Ìdí tí n kò fi lọ ni pé tí mo bá jókòó tì í, tí wọ́n fún òun ní ìdajì àkókò tí wọ́n sì fún èmi ní ìdajì, ẹni tó ń gbọ́ wa á gbà pé ọ̀rọ̀ pípa àwọn èèyàn yẹn ní apá méjì. Kò ní apá méjì. Iwájú ìgbìmọ̀ ni mo máa dáhùn, níbi tí èèyàn ti lè ní kó ṣí ìwé rẹ̀ hàn.

Ó dá lọ. Mo gbọ́ ọ nínú yàrá ìdáná. Ohùn rẹ̀ dùn, n kò ní purọ́. Ó ní, "Ẹ bá mi bi àwọn òpìtàn wa: ilé àwọn èèyàn yẹn dà? Wọn ò jó, wọn ò wó, wọ́n tú wọn ní bíríkì kọ̀ọ̀kan ni. Ṣé òkú máa ń tú ilé?"

Ó bí mi nínú ju gbogbo irọ́ rẹ̀ lọ, torí pé ìbéèrè gidi ni. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ibẹ̀ lónìí, kò sí òkìtì, kò sí àlàpà kankan. Mo ti kọ̀wé lórí àdúgbò yẹn, n kò sì bi ara mi rí pé níbo ni ilé gbé gbà lọ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí kí ara mi tó balẹ̀.

Òjò wọ ilé ìpamọ́ ìwé. Ká má bàa pàdánù àwọn fáìlì, èmi àti Bàbá Fáìlì wọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ńlá ẹ̀yìn kúrò níbi ògiri. Wọn ò rẹ́ ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, bíríkì lásán ni. Omi ti fọ eruku ara rẹ̀ kúrò. Mo fẹ́ fi aṣọ nù ún ni, ọwọ́ mi wá dúró.

Bíríkì kan ní ẹfun lójú, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní. Òmíràn ní ọ̀dà búlúù tó ti ń ṣí, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ló kọ ọ̀dà náà sí, sìmẹ́ǹtì sì gùn ún lórí. Òmíràn dúdú fún èéfín bí ìdí ìkòkò. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo wò ó títí dé òkè, bákan náà ni gbogbo rẹ̀: funfun kan, dúdú méjì, búlúù kan, wúruwùru. Àwọn mìíràn ní ipa ìka lára, bí ẹni fi ìka fa ẹrẹ̀ kó tó gbẹ.

Mo ní, "Bàbá, ta ló máa ń kun bíríkì lọ́dà kó tó fi mọlé?"

Wọ́n bọ́ dígí ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀. "Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bíríkì yìí ti jẹ́ ilé kan rí."

Àwa méjèèjì sáré gun àtẹ̀gùn bí ọmọ iléèwé. Òkúta wà lára ògiri lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ọ̀gágun tó ṣí i kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i gàdàgbà, ó sì kọ oṣù àti ọdún. Oṣù kẹjọ lẹ́yìn ìpakúpa náà ni. Nínú ìwé Kòṣẹlẹ̀, àwọn oníbíríkì ṣì wà nínú ilé wọn lásìkò yẹn, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, ó sì kù ju ọdún kan lọ kí àrùn tó dé. Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé inú ilé tí wọ́n ti fi ṣe ògiri gbọ̀ngàn?

Àmọ́ kí n tutù. Ta ló sọ pé ilé wọn ni? Ìlú mìíràn lè ní àlòkù bíríkì. Mo ní láti rí ohun tó so ògiri yìí mọ́ àdúgbò yẹn.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Mo rò pé à ń fi nǹkan pa mọ́ fún Màmá. Mo gbé ounjẹ wọlé fún wọn láàárọ̀, rédíò wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ wa nínú rédíò yẹn, ṣé òun náà ní ìyá?"

Mo jókòó sílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan ògiri. Wọn ò sunkún. Wọ́n jẹun tán, wọ́n ṣan ọwọ́, wọ́n wá na ìka mẹ́ta sí mi.

"Èyí tí a bá fẹ́ tà, a ò ń fọwọ́ kàn án. Pẹrẹsẹ ni oníbàárà ń fẹ́. Èyí tí olúkúlùkù bá ṣe fún ilé ara rẹ̀ ló máa ń fìka sàmì sí, torí ààrò kan náà la jọ ń sun ún. Èmi ni mo máa ń ṣà á tó bá jáde. Inú ààrò ṣókùnkùn, ọwọ́ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n."

"Ti ìyá yín ńkọ́, Màmá?"

"Ìka mẹ́ta. Èyí tó kẹ́yìn kúrú, torí ọmọńdinrín wọn ti ká láti kékeré."

Láti ọdún tí mo ti wọlé yìí, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ìyá wọn fún mi. Mo kó abọ́ jáde, mo lọ dúró lẹ́yìn ilé títí omijé mi fi gbẹ.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Bàbá Fáìlì ṣí ilé fún wa lẹ́yìn ìsìn. Ọkọ mi mú tọ́ọ̀ṣì, èmi náà mú tọ́ọ̀ṣì. Ó rí i kí n tó rí i, nísàlẹ̀ lápá òsì: ìka mẹ́ta, èyí tó kẹ́yìn kúrú. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ lé e, ó sì sunkún bí ọmọ kékeré. Mo dì í mú.

Ìjà wa bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí à ń bọ̀ wálé. Ó ní èyí ni kí n gbé síwájú ìgbìmọ̀. Mo ní rárá.

"Kí ló dé? O rí i pẹ̀lú ojú ẹ."

"Mo rí bíríkì kan tó ní ìka mẹ́ta lára. Mi ò mọ ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́."

"Màmá ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ. Àbí irọ́ ni ìyá mi ń pa?"

"Mo gba Màmá gbọ́ ju bí mo ṣe gba ara mi gbọ́ lọ. Àmọ́ tí mo bá sọ ohun kan ṣoṣo tí mi ò lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, òun ni Kòṣẹlẹ̀ máa dì mú. Kò ní dáhùn dókítà, kò ní dáhùn ẹfun, kò ní dáhùn òkúta ẹnu ọ̀nà. Ìka mẹ́ta ni yóò máa sọ títí a ó fi lọ sílé."

Ó fi ẹ̀yìn kọ mí sùn.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Ọkọ mi sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì rèé, akọ̀ròyìn ni. Ó ti wà nínú ìwé ìròyìn láàárọ̀ yìí, lójú ewé kìíní: "Òpìtàn Fẹ́ Fi Ọwọ́ Ìyá-Ìyá Ọkọ Rẹ̀ Jẹ́rìí." Wọ́n ya àwòrán gbọ̀ngàn sí i. N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rárá, n kò tilẹ̀ mọ ẹni tó ya àwòrán.

N kò bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Mo ń kọ ọ́ síbí kí n má bàa fi ẹnu sọ ohun tí n kò ní lè kó padà.

Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Kòṣẹlẹ̀ tún ti gba orí rédíò lọ. Ó ń fi wá rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń mú ẹnjinníà kan bọ̀ níwájú ìgbìmọ̀, ọ̀gá tó ti kọ́ ilé káàkiri, tó sì ti ṣèwádìí lórí bíríkì àtijọ́, pé ọ̀rọ̀ ìka yìí ló máa tú bí ẹni tú irun.

Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Bàbá Fáìlì ò mikàn. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kó mú un wá. Ṣé ẹ̀yin fẹ́ sọ̀rọ̀ ìka?"

"Mi ò ní dá a lẹ́nu rárá."

"Ó dáa. Kí ó wá máa bá afẹ́fẹ́ jà."

Ọkọ mi fọ gbogbo abọ́ nírọ̀lẹ́ yìí, ó fọ ìdí ìkòkò pàápàá. Bó ṣe máa ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Mo ní kó wá jókòó.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin

Mo kọ̀wé sí alága ìgbìmọ̀ pé mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ wo ògiri náà fúnra wọn. Ó dáhùn ní ìlà kan pé àwọn ti gbọ́. Olórí iléèwé ni obìnrin náà kó tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ní kò rẹ́rìn-ín rí fún òbí kankan. N kò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ àbí kí n bẹ̀rù.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Ọ̀la ni. Mo lọ aṣọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ mi bi Màmá bóyá wọ́n máa bá wa lọ. Wọ́n ní ọ̀gágun tó kó àwọn ọmọ ogun wọ àdúgbò àwọn ló ṣí gbọ̀ngàn yẹn, àwọn ò sì wọ inú rẹ̀ rí láyé àwọn, òpópónà kejì làwọn máa ń gbà. Àmọ́ bí mo ṣe ń jáde nínú yàrá, wọ́n pè mí padà. "Ìyàwó mi, má bá a pariwo. Ẹni tó ń parọ́ ló ń wá ariwo."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, láìfi iyọ̀ sí i.

Gbọ̀ngàn kún. Dókítà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọn ò fi kẹ̀kẹ́ tì í, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rìn, ọ̀pá lọ́wọ́. Ó ka gbólóhùn rẹ̀ bí Kòṣẹlẹ̀ ṣe kọ ọ́, lẹ́yìn náà ó kà á bí òun ṣe kọ ọ́. Ó wá kọjú sí Kòṣẹlẹ̀, ó ní, "Ẹ dá orí ọ̀rọ̀ mi padà fún mi."

Ó kàn mí. Mo sọ̀rọ̀ ẹfun, mo sọ̀rọ̀ ọ̀dà, mo sọ̀rọ̀ èéfín. Mo ní àlòkù ni bíríkì ìsàlẹ̀ ilé yìí, pé inú ilé àwọn èèyàn ni wọ́n ti tú u wá. Mo ní mo gbàgbọ́ pé àdúgbò àwọn oníbíríkì ni, ṣùgbọ́n pé n kò tíì ní ẹ̀rí tó dá mi lójú tán lórí ìyẹn, n kò sì ní sọ ju ohun tí mo mọ̀ lọ. Mo jókòó. Mo rí ọkọ mi tó di ojú rẹ̀. N kò mẹ́nu kan ìka.

Kòṣẹlẹ̀ dìde, aṣọ rẹ̀ ń dán. Ó ti múra ọ̀rọ̀ ìka sílẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, kò sì lè dá a dúró mọ́. Ó ní òpìtàn ti sá fún ohun tó sọ nínú ìwé ìròyìn, pé àwọn máa sọ ọ́ fún un. Ó ké sí ẹnjinníà.

Ọkùnrin náà sọ ọ́ bó ṣe wà nínú ìwádìí rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó lè mọ ọwọ́ tó ṣe àmì kankan, torí pé gbogbo ilé tó wà ní àdúgbò yẹn ló ń fi ìka sàmì. Ó ní òun ti wú irú rẹ̀ níbẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, nídìí ààrò wọn. Èyí tí wọ́n bá ń tà kì í ní àmì. Èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ilé ara wọn nìkan ló ń ní in. Òun ò sì rí irú rẹ̀ níbòmíràn. "Ìka mẹ́ta pọ̀ níbẹ̀ bí iyanrìn," bó ṣe parí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Kòṣẹlẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń wò mí.

Mo wo Bàbá Fáìlì. Wọ́n ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

Alága gbé bírò sílẹ̀. "Ọ̀mọ̀wé, ṣé ẹ sọ níbí pé ẹ mọ ọwọ́ tó ṣe àmì náà?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Èmi náà ò gbọ́ ọ." Ó kọjú sí ẹnjinníà. "Bíríkì tó bá ní àmì, ti ilé wọn ni, kì í ṣe títà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kò sì sí irú rẹ̀ níbòmíràn?"

"Mi ò rí i, mà."

"Èyí tó wà nínú ògiri ìsàlẹ̀ wa yìí ńkọ́?"

"Àmì wà lára wọn, mà. Mo lọ wò ó lánàá." Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ohun tó sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Ó wo Kòṣẹlẹ̀. Kòṣẹlẹ̀ ò wò ó.

Alága ní, "A jẹ́ pé ilé àwọn èèyàn yẹn ni à ń dúró lé lórí báyìí." Ó ní kí akọ̀wé lọ ka ohun tó wà lára òkúta ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà lọ, ó padà, ó kà á sókè. Alága ṣí ìwé Kòṣẹlẹ̀, ó fi ìka sí ojú ewé kan. "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ kọ ọ́ síbí pé wọ́n ṣì wà nínú ilé wọn lọ́dún yìí, wọ́n sì wà níbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Inú ilé wo?"

Kòṣẹlẹ̀ ní bóyá wọ́n ti tú díẹ̀ nínú ilé náà fún ìjọba, ní ìfẹ́ inú wọn.

"Ojú ewé wo nínú ìwé yín ni ìyẹn wà?"

Ó ṣí ìwé náà. Ó ṣí iwájú, ó ṣí ẹ̀yìn, ó ń ṣí i lọ, gbogbo wa sì ń gbọ́ ìró ìwé. N kò rí ohun tó dùn mọ́ mi tó ìró yẹn rí láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Nígbà tó yá ó jókòó, ó ní òun máa fi èsì ránṣẹ́.

Gbogbo ìgbìmọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ wo ògiri. Alága ló pẹ́ jù níbẹ̀. Bàbá Fáìlì, tí kì í gbé ohùn sókè, gbé mi sókè nílẹ̀ lẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ọkọ mi ní, "Ká ní mo lè gbọ́ tìẹ." Mo ní àìgbọ́ tèmi rẹ̀ ló mú ẹnjinníà wá, àmọ́ kó máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí a fi délé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Èsì dé. Gbogbo wọn fẹnu kò. Wọ́n da ìwé Kòṣẹlẹ̀ nù, wọn ò sì ní gbà á fún kíláàsì kankan. Orí kẹjọ dúró. Kódà wọ́n fẹ́ kí n fi ojú ewé méjì kún un, lórí ibi tí ilé àwọn oníbíríkì gbà lọ, kí àwòrán ògiri náà wà níbẹ̀. Mo pariwo débi pé aládùúgbò wa yọjú lójú fèrèsé.

Mo wọlé lọ sọ fún Màmá. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ mú mi lọ síbẹ̀."

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún

Màmá gba ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn wọlé láàárọ̀ yìí. Wọn ò wo òkúta ọ̀gágun. Ọkọ mi di apá kan mú, èmi di ìkejì, Bàbá Fáìlì sì ń tan iná síwájú wa lórí àtẹ̀gùn.

Wọ́n ní, "Ẹ gbé iná yẹn kúrò, ó ń ta mí lójú." A dúró nínú òkùnkùn díẹ̀. Ọkọ mi mú ọwọ́ wọn, ó gbé e lé bíríkì tó rí lọ́jọ́sí, èyí tó kúnlẹ̀ sunkún lé lórí. Wọ́n ki ìka bọ inú àmì náà, wọ́n fà á sókè, wọ́n fà á wá sísàlẹ̀.

"Kì í ṣe òun," wọ́n ní.

Ọkọ mi ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀, ẹ tún un wò."

"Mo ní kì í ṣe òun. Ìyá mi máa ń fà á lọ sókè ni. Ìsàlẹ̀ ni èyí wá. Ti ìyàwó ilé kejì ni, ẹni tó máa ń yá wa níyọ̀. Ọwọ́ ẹ̀ wúwo."

Ká ní mo dúró níwájú ìgbìmọ̀ tí mo sì pe bíríkì yẹn ní ti ìyá wọn ńkọ́? N kò ráyè rò ó jìnnà, torí pé ọwọ́ Màmá ti kúrò níbẹ̀, ó ti ń lọ lára ògiri.

"Èyí, àgbẹ̀dẹ tó fẹ́ àbúrò bàbá mi. Ìka kan ṣoṣo ni, ọ̀lẹ. Èyí, àwọn ìbejì tó wà lẹ́bàá kànga, àwọn méjèèjì ló jọ tẹ̀ ẹ́, ẹ wò ó. Èyí..." Wọ́n rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu wọn rí, ẹ̀rín ọmọbìnrin kékeré ni. "Arákùnrin mi rèé. Wọ́n ní kó fi ìka fà á, ó fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lù ú. Wọ́n nà án lọ́jọ́ yẹn."

Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ wọn bo àtẹ́lẹwọ́ kékeré náà.

Mo ní, "Ti ìyá yín ńkọ́, Màmá?"

"Mi ò tíì kàn án. Ògiri ṣì pọ̀." Wọ́n kọjú sí ibi tí mo wà nínú òkùnkùn. "Ìyàwó mi, o dákẹ́. O ò ní kọ ọ́ ni?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, Bàbá Fáìlì tan iná sí orí ìwé mi nìkan, mo sì ń kọ.